Tánkà Da Epo Sódò: Èló Gan-an La Pàdánù?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ létí odò Àlà ní Àkúrẹ́ àti ẹ̀yin tó ń sin ẹja lọ́nà Ọ̀wẹnà, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá ní gbogbo ìgbà tí epo bá dà sómi. Ìdáhùn rèé lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lítà mélòó ló dà?
Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ bèèrè ìwé tí wọ́n fi gbé epo náà. Tánkà tó wọ́pọ̀ ń gbé 33,000 lítà. Ẹ yọ iye tí wọ́n rí fà jáde.

Ta la máa sọ fún?
NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo tó bá dà. Òfin ní kí ẹni tó da epo kọ̀wé sí wọn láàárín wákàtí 24. Ẹ má dúró dè é. Ìgò gíláàsì ni kí ẹ bu omi tí wọ́n máa yẹ̀ wò sí. Epo máa ń lẹ̀ mọ́ ike.

Omi ti mọ́. Ṣé ó parí nìyẹn?
Kò tíì parí. Bẹntiróòlù máa ń fẹ́ lọ, dísẹ́ẹ̀lì máa ń sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ fi igi rú ẹrẹ̀ náà. Bí àwọ̀ òṣùmàrè bá léfòó, ẹ fi igi là á: èyí tó bá fọ́ wẹ́wẹ́, irin inú ilẹ̀ ló fà á; èyí tó bá tún para pọ̀, epo ni. Epo tó dà sí odò Kalamazoo ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 rì sísàlẹ̀, owó tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ sì lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń gé owó tí a kọ pé a pàdánù?
Torí owó ọjà lódindi lẹ kọ, ẹ kò yọ owó tí ẹ kò ní ná mọ́. Ká ní ebè ẹ̀fọ́ 20 ló run, tí alájàpá Ọjà Ọba ì bá rà á ní ₦3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ₦60,000. Òun náà kọ ₦80,000 tí ì bá tà á. Ó di ₦140,000. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò á rí i pé ₦60,000 yín ti wà nínú ₦80,000 yẹn, á sì pe gbogbo rẹ̀ ní irọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ run lóòótọ́! Ó ń dunni.

Owó tí ẹ kò ní ná mọ́ ni kí ẹ yọ: owó ìkórè àti epo ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi, ká ní ₦5,000. Ó ku ₦55,000. Ẹ má yọ owó irúgbìn àti ìgbẹ́ adìyẹ. Ẹ ti ná ìyẹn, ó sì ti bá ẹ̀fọ́ lọ. Kí alájàpá yọ ₦60,000 tí ì bá fi rajà àti ₦8,000 owó ọkọ̀: ₦12,000 ni tirẹ̀. Àpapọ̀ jẹ́ ₦67,000. Bó bá rí ẹ̀fọ́ rà níbòmíràn lọ́jọ́ náà, tó sì tà á bó ṣe yẹ, àlékún owó ọkọ̀ nìkan ló pàdánù.

Omi kànga ńkọ́?
Owó omi tí ẹ ń rà báyìí, ẹ yọ iye tí ẹ ń ná tẹ́lẹ̀. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ilẹ̀ oko fúnra rẹ̀ ńkọ́?
Ẹ má dá a ṣe. Ẹ pe ẹni tó níwèé àṣẹ láti díye lé ilẹ̀, kí wọ́n sì gbé erùpẹ̀ lọ sí láàbù kí ẹ tó kọ náírà kan.