Bátìrì kámẹ́rà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe: bí ẹ ṣe máa rà á, bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ìdána tó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ lè má parí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bátìrì kan ṣoṣo kò lè gbé kámẹ́rà dé ìparí ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá tún ní kí ẹ ká fídíò mọ́ ọn. Mẹ́ta ló kéré jù. Ojúlówó mẹ́ta sì wọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe pọ̀ nínú báàgì àwọn oníkámẹ́rà. Kò sí aburú níbẹ̀, bí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó dé òde ìnáwó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀: Neewer, SmallRig, Kingma àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì kọ Canon tàbí Nikon sára, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn kọ́ ló ṣe é. Ayédèrú lèyí. Ẹni tó lè parọ́ orúkọ, kí ni kò ní parọ́ rẹ̀ nípa ohun tó dì sínú? Bí iye tí wọ́n pè é bá kéré jù fún ojúlówó, ẹ fi sílẹ̀.

Kí ẹ tó lọ rà á, ẹ yọ bátìrì inú kámẹ́rà yín, kí ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. LP-E8 ni Canon 600D àti 700D ń lò, LP-E10 ni ti 1200D àti 1300D, LP-E17 ni ti 200D àti 800D. Nikon D3300 àti D5300 ń lo EN-EL14a. Ti Sony a6000 ni NP-FW50, ti a7 III ni NP-FZ100. Kí oníṣọ́ọ̀bù má fi "ó jọ ọ́" tà á fún yín.

Nínú púpọ̀ nínú wọn, sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù méjì ló so pọ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 3.6V, àpapọ̀ wọn 7.2V. Bí ẹ bá rí 7.4V lára èyí tí ẹ fẹ́ rà, kò séwu. Àwọn kan ń ka sẹ́ẹ̀lì kan sí 3.7V ni. Tó bá ti kún, méjèèjì á dé nǹkan bí 8.4V. Mááhù, ìyẹn mAh tó ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó, ni irọ́ ti pọ̀ jù. Ojúlówó LP-E6, tí àwọn Canon mìíràn ń lò, jẹ́ 1800mAh, LP-E6N 1865mAh, LP-E6NH 2130mAh, gbogbo wọn ò sì tóbi ju ara wọn lọ. Nígbà náà, ẹni tó kọ 3000mAh sára èyí tí kò tóbi jù wọ́n lọ, níbo ló rí àyè kó o sí? Ìwọ̀n àwọn tó ń ta góòlù wúlò níbí: bátìrì tó bá fúyẹ́ gan-an ju ojúlówó lọ, nǹkan inú rẹ̀ kò pọ̀.

Bátìrì kì í kàn gbé iná fún kámẹ́rà, ó tún ń bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí irin ẹnu rẹ̀ fi ju méjì lọ. Bí kámẹ́rà ò bá gbọ́ èdè rẹ̀, àwọn Canon kan á béèrè bóyá àmì Canon wà lára bátìrì náà. Tí ẹ bá ní kó máa lọ, ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní sọ iye tó kù fún yín. Àwọn LP-E17 kan tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe kì í gba iná nínú ṣájà Canon rárá, àfi ṣájà tó bá a wá. Firmware tuntun, ìyẹn ètò inú kámẹ́rà tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, náà lè da nǹkan rú: ó ti ṣẹlẹ̀ sí Nikon D3200 àti D5200 pé bátìrì tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi firmware tuntun sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ tí ẹ níṣẹ́, ẹ sì fi ojúlówó kan pa mọ́.

Ìdánwò gan-an kò le. Ẹ gba iná sí i títí iná ṣájà á fi yí padà. Ọ̀rọ̀ pé kó kọ́kọ́ lo wákàtí mẹ́jọ lórí iná kò kan lítíọ́ọ̀mù. Ẹ tì í sínú kámẹ́rà. Bó bá há, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ká fídíò títí kámẹ́rà á fi kú, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń dúró fúnra wọn ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ojúlówó ṣe bákan náà, kí ẹ fi wé e. Ẹ máa wo àmì bátìrì bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Èyí tó fi ìdajì hàn tó wá kú lójijì ló burú jù, torí òun ló máa kú nígbà tí ìyàwó bá ń wọlé lọ bá alága ìjókòó. Ẹ dán an wò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá rà á láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ bá olùtajà ṣàdéhùn ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, kí ẹ tó sanwó.

Nígbà tó bá ń gba iná, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Tó bá gbóná tí ọwọ́ ò lè dúró lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Orí táìsì tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbé ṣájà sí, kì í ṣe orí fóòmù, ẹ má sì fi sílẹ̀ sun. Ṣájà tó gba 100–240V kò sọ pé iná jẹnẹrétọ̀ tó ń fò sókè fò sílẹ̀ kò lè bà á jẹ́. Tí iná NEPA bá dé, ẹ dúró díẹ̀ kó fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Nínú oṣù Kẹta, ẹ má fi bátìrì sínú mọ́tò tó dúró sóòrùn.

Ẹ lẹ téèpù pélébé mọ́ ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà àti oṣù tí ẹ rà á sí i. Iná inú àwọn kan máa ń jò lọ fúnra rẹ̀, torí náà ẹ tún gba iná sí gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìnáwó. Èyí tí ẹ kò ní lò fún oṣù kan, ẹ fi ìdajì iná sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Bátìrì tó bá wú á há sínú kámẹ́rà. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ìtúdè yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ rọra fà á, bí kò bá jáde ẹ gbé e lọ fún alátùnṣe. Ẹ má dá a lu, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Ẹ lẹ téèpù mọ́ irin ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi sínú agolo tó ní yanrìn gbígbẹ, kí ẹ gbé e síta, jìnnà sí ohun tó lè gbiná, títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń kó bátìrì àlòkù.