Ẹ má kó ẹja jù sínú táǹkì yín: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ iye tí omi yín lè gbé

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táǹkì ẹja, ohun tó máa ń wù ú ni pé kó tètè kún. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ń dán, omi mọ́ gaara, iná orí ẹ̀ ti tàn, ẹja 3 péré ló ń rìn nínú ẹ̀, ibẹ̀ á wá dà bí ilé tí wọn ò tíì kó ẹrù sí. Táǹkì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ gba 54 lítà, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé mo ti kó goldfish 2, guppy 8, neon tetra 6 àti pleco 1 sínú ẹ̀, ẹni tó tà wọ́n fún mi ní omi yẹn máa gbà wọ́n dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ni mo jí tí mo bá gbogbo wọn lókè, wọ́n na ẹnu sójú omi, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n, mo bá tún da oúnjẹ sí i. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí 5 ti kú. Kì í ṣe ebi, èémí ni wọ́n ń wá, ammonia, májèlé tó ń jáde látinú ìdọ̀tí ẹja, ti jó ibi tí wọ́n fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, oúnjẹ tí mo dà sí i yẹn ló sì tún bá a bà jẹ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó ra ẹyọ ẹja kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi tẹ́ ẹ ní gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ mú tẹ́pù, ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga táǹkì yín ní sẹ̀ntímítà, ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe táìmùsì ara wọn, kẹ́ ẹ wá fi 1,000 pín in, lítà nìyẹn. Tèmi jẹ́ 60 lọ́nà 30 lọ́nà 30, ó di 54,000, ìyẹn 54 lítà. Àmọ́ 54 yẹn ò sí níbẹ̀ o. Yanrìn wà nísàlẹ̀, òkúta wà, igi tí mo fi ṣe é lẹ́wà wà, mi ò sì bu omi dé ẹnu. Lọ́jọ́ tí mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ọ́n bí mo ṣe ń bu omi sí i, 45 ló jẹ́. 45 yẹn lẹ máa fi ṣírò.

Bí táǹkì ṣe rí náà tún ṣe pàtàkì. Ojú omi ni ọ́síjìn ń gbà wọlé, torí náà táǹkì tó gùn tó sì fẹ̀ máa gba ẹja ju èyí tó ga fíofío tójú ẹ̀ kéré lọ, ká tiẹ̀ ní iye omi tó wà nínú méjèèjì dọ́gba. Omi tó bá gbóná kì í lè gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra: tó bá wà ní 20°C, lítà kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9, tó bá fi máa dé 30°C á ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7.5. Ìgbà ooru, tàbí ìgbà tí iná bá lọ tí fílítà tó ń sẹ́ omi dúró, táǹkì tó ti kún dẹ́múdẹ́mú tẹ́lẹ̀ ni ẹja ibẹ̀ máa kọ́kọ́ kú.

Wàyí o, kí ló dé tí ẹja fi ń di ewu fún ẹja bíi tiẹ̀? Ẹja ń jẹ, ó ń yàgbẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ara ẹ̀ ló sì ń bá ibi tó fi ń mí jáde, ammonia ni. Oúnjẹ tó bọ́ sílẹ̀ tí wọn ò jẹ, tó wá jẹrà, ammonia lòun náà ń dà. Nínú odò, omi á gbé e lọ, inú gíláàsì ńkọ́? Kò ríbi lọ. Àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni bakitéríà tó ń gbé inú fóòmù fílítà àti ara yanrìn. Ọ̀wọ́ kan nínú wọn máa ń sọ ammonia di nitrite, májèlé ṣì ni nitrite torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja lè gbé ọ́síjìn, ọ̀wọ́ kejì á wá sọ nitrite yẹn di nitrate, èyí tí oró ẹ̀ kéré sí tiwọn, tẹ́ ẹ máa fi pípààrọ̀ omi gbọ́n dànù. Táǹkì tuntun ò ní wọn. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ dáadáa, ìgbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò sì lè fojú rí wọn, ìdí nìyẹn téèyàn fi ń rò pé omi tó mọ́ ti ṣe tán.

Torí náà ẹ dúró. Ẹ tan fílítà àti hítà, ẹ má fi ẹja kankan sí i, kẹ́ ẹ máa kán ammonia lásán tí ò ní ọṣẹ tàbí lọ́fínńdà nínú sínú omi náà títí á fi tó nǹkan bíi mílígíráàmù 2 fún lítà kan lórí kíìtì tí wọ́n fi ń tẹ́ẹ̀sì omi. Lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ máa tẹ́ẹ̀sì ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kán an tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí 24 ammonia ti padà sí 0, nitrite náà 0, ọjọ́ yẹn ni táǹkì yín tó di ilé. Tẹ́ ẹ bá lẹ́nì kan tí táǹkì ẹ̀ ti pẹ́ tí ẹja ẹ̀ sì ń ṣe dáadáa, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní fóòmù díẹ̀ nínú fílítà ẹ̀, ó máa jẹ́ kó yá gan-an.

Èyí tó kàn yìí lèmi gbà pé ó ṣe pàtàkì jù: ẹja tẹ́ ẹ rí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ọmọdé ni. Ẹ má wo bó ṣe rí lónìí, ẹ lọ wádìí bó ṣe máa tó tó bá dàgbà. Goldfish táwọn èèyàn ń fi sínú abọ́ yẹn, èyí tí ara ẹ̀ gùn gbọọrọ lè ju 20 sẹ̀ntímítà lọ, ó sì lè lò ju ọdún 10 lọ láyé. Oscar ń lọ sí 30. Angelfish lè gùn tó 15, gíga ẹ̀ sì tún ju gígùn ẹ̀ lọ. Iridescent shark tí wọ́n ń tà ní kékeré yẹn, nínú odò tó ti wá ó máa ń ju mítà kan lọ! Pleco mi ò ju ìka ọwọ́ mi lọ lọ́jọ́ tí mo rà á, wọ́n ní kó máa bá mi jẹ ewéko tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ìgbà tí mo wá kà nípa ẹ̀, mo rí i pé irú ẹ̀ máa ń ju 30 sẹ̀ntímítà lọ, mo mú tẹ́pù mo wọn táǹkì mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, 30 géérégé. Ìyẹn ni pé tó bá dàgbà, kò ní lè yí padà láìká ara ẹ̀ kò. Mi ò lè gbàgbé bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló wù yín, bristlenose wà, òun ò ju nǹkan bíi 12 sí 15 lọ, síbẹ̀ òun náà fẹ́ táǹkì tó ju tèmi yìí lọ.

Wọ́n á sì sọ fún yín pé ẹja kì í dàgbà ju ibi tó ń gbé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹja tí ò dàgbà nínú táǹkì kékeré, omi tí ò dáa ló dá a dúró, ìyà ló ń jẹ, kì í sì í pẹ́ láyé.

Ẹ ó tún gbọ́ òfin kan, pé ínǹṣì ẹja kan fún gálọ́ọ̀nù omi kan, tó túmọ̀ sí nǹkan bíi lítà 1 àbọ̀ fún sẹ̀ntímítà kan. Fún ẹja tínínrín tí ò ju 5 sẹ̀ntímítà lọ, ó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti lo gígùn àgbà. Fún ẹja ńlá kò ṣiṣẹ́ rárá. Ìdí ni pé ẹja tó bá gùn ní ìlọ́po 2 èkejì ẹ̀, tí ìrísí wọn sì jọra, ìlọ́po 8 ló máa fi wúwo jù ú lọ, torí kì í ṣe gígùn nìkan ló ń pọ̀, ó ń ga, ó sì ń sanra pẹ̀lú. Goldfish tó gùn 20 sẹ̀ntímítà gùn ju neon tetra tó gùn 4 lọ ní ìlọ́po 5, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ máa ju ti neon tetra 100 lọ. Ẹ wá ro ohun tí ara tó tó bẹ́ẹ̀ ń jẹ àti ohun tó ń yà síta lójúmọ́.

Tá a bá fi òfin yẹn wo 45 lítà mi, 30 sẹ̀ntímítà ẹja ló gbà, neon tetra 8 ló sì ti kún un. Ó ká àwọn kan lára, mo mọ̀. Àmọ́ 8 yẹn, tí gbogbo wọn bá ń rìn pọ̀ láàárín ewéko, wọ́n dùn ún wò ju 17 tí kò bára mu lọ. Tó bá ti tó bí oṣù 6 tí nǹkan ń lọ déédéé, ewéko ti hù, nitrate ò ga, a lè fi pygmy corydoras 6 kún un, àwọn yẹn ò ju 3 sẹ̀ntímítà lọ. Èmi ò ní kọjá ibẹ̀. Ẹ má sì rà méjìméjì nínú gbogbo ẹ̀yà nítorí pé ẹ fẹ́ oríṣiríṣi àwọ̀, neon tetra àti corydoras kì í fẹ́ dá wà, tí wọn ò bá tó 6 ẹ̀rù á máa bà wọ́n, wọ́n á máa sá pamọ́. Ẹ̀yà kan tàbí méjì tó. Betta akọ ní tiẹ̀, kó dá gbé ni, nínú omi tó tó 20 lítà.

Ẹ kọ orúkọ ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kẹ́ ẹ má sì rà ju ohun tó wà nínú ìwé yẹn lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, eléyìí kéré, ìyẹn rẹwà, ẹyọ kan péré ni, ẹ ó kàn rí i lọ́jọ́ kan pé ibẹ̀ ò gbèrò mọ́. Tẹ́ ẹ bá rà wọ́n dé, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Neon 4 lónìí, kẹ́ ẹ dúró ọ̀sẹ̀ 2, kẹ́ ẹ tẹ́ẹ̀sì, tí ammonia àti nitrite bá jẹ́ 0 kẹ́ ẹ fi ìyókù sí i. Bakitéríà ń bí sí i ní ìwọ̀n oúnjẹ tí wọ́n bá rí, wọ́n nílò àkókò láti bá ẹja tuntun dọ́gba. Oúnjẹ náà ńkọ́, èyí tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó tó.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹja yín ti pọ̀ jù? Ẹ bi nitrate. Ẹ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀ omi, kẹ́ ẹ tún tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lọ́jọ́ keje kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ òmíràn. Ká ní ó fi 10 lé sí i láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ sì ń pààrọ̀ ìdá 1 nínú 4 omi lọ́sẹ̀, bó pẹ́ bó yá ó máa gòkè lọ dúró sí 40, torí ibẹ̀ ni ohun tẹ́ ẹ ń dà nù ti tó ohun tó ń wọlé. Tó bá jẹ́ ìlàjì lẹ̀ ń pààrọ̀, 20 ló máa dúró sí. Èmi máa ń fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 40, tó bá ń wà ní 20 inú mi á dùn. Tó bá wá di pé ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ kó tó lè wálẹ̀, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé oúnjẹ ò pọ̀ jù, a jẹ́ pé ẹja ti pọ̀ jù. Omi tuntun gbọ́dọ̀ gba oògùn tó ń pa chlorine, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ, kó sì bá ti inú táǹkì dọ́gba ní gbígbóná. Fóòmù fílítà, inú omi tẹ́ ẹ bù jáde nínú táǹkì ni kẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, chlorine á pa àwọn bakitéríà wa dànù.

Guppy tún ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Abo kan lè bí 20 sí 50 ọmọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 4, ó sì lè fi àtọ̀ akọ pamọ́ sínú fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ẹ lè ra abo nìkan kó ṣì máa bí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ guppy, akọ nìkan ni kẹ́ ẹ rà, àwọn náà ló láwọ̀ jù.

Tó bá jẹ́ pé ó ti kún tẹ́lẹ̀ ńkọ́, kò tíì pẹ́ jù. Ẹ dín oúnjẹ kù lónìí, ẹ fi pọ́ńpù afẹ́fẹ́ sí i, ẹ máa pààrọ̀ ìdá 1 nínú 4 omi lójoojúmọ́ títí ammonia àti nitrite á fi padà sí 0, ẹ má da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan torí ìyípadà òjijì náà lè pa wọ́n. Fílítà ńlá máa ran omi lọ́wọ́, àmọ́ kò lè fi kún àyè tí ẹja ní láti rìn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ilé fún àwọn tó máa dàgbà jù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ló gbà mí kí n tó rí ẹni tó ní táǹkì ńlá tó lè gba pleco mi, goldfish mi tó kù lọ sínú adágún kékeré kan tó wà nínú ọgbà ẹlòmíì. Ẹ má ṣe dà wọ́n sínú odò o, bó ti wù kó rí. Pleco àti goldfish táwọn èèyàn dà sódò ti ń bí sí i nínú ọ̀pọ̀ omi tí kì í ṣe tiwọn, pleco a máa gbẹ́ ihò sí etí odò títí ilẹ̀ á fi ya lulẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kó wọn tán mọ́.