Ọdún '89 Tó Jẹ Mí Lówó

₦18,000 ni mo kà lé bàbá kan tó ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ l'Ádó-Èkìtì níbí, nítorí nọ́ńbà méjì péré: '89. Ara chip 486 DX-33 kan, ọpọlọ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ló wà, aláwọ̀ eérú, tó ki pọ́pọ́ bí àpáàdì, tí ẹsẹ̀ wúrà 168 tó wà nídìí rẹ̀ ò tẹ̀ rárá. Ọdún 1989 ni Intel, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kọ́kọ́ gbé 486 jáde. Mo ní háà, àkọ́bí rèé! Kí n tó délé, mo ti ná èrè rẹ̀ tán lọ́kàn.

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ tà á fún l'Ékòó ò tiẹ̀ bá mi ná an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L fún mi." L wo? Ọ̀rá funfun tí wọ́n fi lẹ irin atutù mọ́ ọn ti gbẹ bo ibẹ̀. Mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún. (Mo kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ha á. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ má bi mí.)

L3120734 ló wà lábẹ́ rẹ̀. L ni ilé iṣẹ́ Intel ní Malaysia. 3 ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún. 12 ni ọ̀sẹ̀, ìyẹn ìparí oṣù Kẹta. Ìyókù, nọ́ńbà ìdìpọ̀ tó bá jáde ni. '89 tí mo torí ẹ̀ sanwó ńkọ́? Ọdún ẹ̀tọ́ oníǹkan (copyright) ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe chip náà, àmì © kóńkó wà níwájú ẹ̀ tí ojú mi fò ó.

Ṣùgbọ́n 3 ti ọdún wo? 1983 ò lè jẹ́, wọn ò tíì bí 486. Mo fẹ́ kọ 1993 sílẹ̀ báyìí ni ọmọ Èkó yẹn tún sọ pé Intel ò dáwọ́ 486 dúró àfi ní 2007, nítorí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ṣì ń lò ó. Ó lè jẹ́ 2003 nìyẹn! Ká ní K6 ni, chip ti AMD, ilé iṣẹ́ mìíràn, kò sí wàhálà: 9732 ni wọ́n máa kọ, ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 1997. Àwọn Intel ló ń ṣahun nọ́ńbà.

Ó wá di dandan kí n rí bọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀, pátákó tí wọ́n to àwọn chip kọ̀ǹpútà mọ́, torí àwọn chip wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ sábà máa ń gbé irú nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, ọdún àti ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kìíní tí mo padà lọ, bàbá ti lọ sóde òkú n'Íkẹ̀rẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó bọ́ọ̀dù sínú àpò, ẹni tó ń yọ wúrà ń bọ̀ wá kó o. Mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá ní ₦500 lórí àpò kan tí n bá tú. Àpò mẹ́ta ni mo tú, nínú oòrùn, bàbá jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Ṣé nítorí ọjọ́ ìbí irin lo ṣe ń làágùn báyìí?" Mi ò dá a lóhùn.

Bátìrì ni mo fi dá a mọ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá yọ chip náà lójú mi, mo rí i pé bátìrì rògòdò ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù ti ń ṣomi, ó ti jẹ ojú ọ̀nà bàbà ibẹ̀, ó hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí èéhù. Ìsàlẹ̀ àpò kẹta ló wà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́: 9309. 9314. 9316. Mo pariwo débi pé ajá bàbá dìde.

1993 ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ gbé chip Intel àtijọ́ wá báyìí, kí ẹ tó mu omi tán, mo ti ka ọjọ́ orí rẹ̀. Tí mo bá tún fẹ́ ra òmíràn, níwájú ẹni tó ń tà á ni màá ti nu ìlà L, màá sì ní kó fi bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe èènì.

Ọmọ Èkó san ₦10,000. Ó ní àpá ọ̀bẹ ló já a wálẹ̀.