Bí A Ṣe Ń La Àwọn Ìpele Líle Já Nínú Galaga

Galaga, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Namco ní ilẹ̀ Japan gbé jáde ní ọdún 1981, kò ní ohun tó ṣòro láti lóye: ọkọ̀ òfuurufú yín wà nísàlẹ̀, àwọn ọ̀tá wà lókè, ọkọ̀ náà ń lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì nìkan, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó sì ń yìnbọn. Síbẹ̀, mo ti dúró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbá a, tí wọ́n la ìpele kìíní àti ìkejì kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, àmọ́ tí ọkọ̀ wọn ti tán kí wọ́n tó fojú kan ìpele kẹwàá. Kì í ṣe pé ọwọ́ wọn kò yá. Ọkọ̀ kan ni wọ́n fi ń wọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn fi méjì wọ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọ̀tá tò tán lókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹni tó bá tún nǹkan méjì yìí ṣe yóò pẹ́ lórí géèmù náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ fi gbá a. Ọ̀pá ìdarí tó wà lára ẹ̀rọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ (ẹ̀rọ ńlá tí a ń dúró níwájú rẹ̀ gbá géèmù) kò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀. Ọ̀tún àti òsì nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń lo páàdì (ohun ìdarí géèmù tí a ń fi ọwọ́ méjì dì mú) gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò sórí bọ́tìnnì tó rí bí àgbélébùú, kí ó má sì fọwọ́ kan ọ̀pá kékeré tó ń yí kiri, nítorí pé ọ̀pá yẹn máa ń pẹ́ kí ó tó padà sí àárín, ọkọ̀ á sì ti kọjá ibi tí ẹ fẹ́ kí ó dúró. Bí kò bá sí owó páàdì, kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó: ọwọ́ ọ̀tún lórí bọ́tìnnì olófà, ọwọ́ òsì lórí bọ́tìnnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀. Èmi fúnra mi fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù ju páàdì lọ. Ojú fóònù ni n kò fọwọ́ sí, torí pé ìka yín ni yóò máa bo ìsàlẹ̀ ibi tí ọta ìbọn ń bọ́ sí. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ẹ so ẹ̀rọ mọ́, ẹ tan ètò tí wọ́n ń pè ní Game Mode lórí rẹ̀, kí àwòrán má bàa máa pẹ́ dé lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ bọ́tìnnì.

Ní ìpele kìíní, ogójì ọ̀tá ni yóò wọlé: oyin 20, labalábá 16, àti ọ̀gá mẹ́rin tí orúkọ wọn ń jẹ́ Boss Galaga. Ọ̀wọ́ márùn-ún ni wọ́n ń pín sí, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ń já bọ̀ láti òkè, labalábá mẹ́rin pẹ̀lú oyin mẹ́rin. Ìkejì, tí àwọn ọ̀gá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú rẹ̀, ń gba ẹ̀gbẹ́ òsì wọlé. Ìkẹta ń gba ọ̀tún. Oyin ni gbogbo èyí tó kù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kì í yí padà bí ẹ bá tún ìpele kan náà gbá, nítorí náà ẹ lè mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ dúró sí ọgangan ibi tí wọ́n ti máa ń yí kọ́rọ́, kí ẹ yìnbọn lù wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn kọjá. Ọ̀tá tó bá kú lójú ọ̀nà kò ní wà lókè láti já lù yín lẹ́yìn náà.

Ọta méjì péré ni ọkọ̀ kan lè ní lójú àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjèèjì bá tàsé, ẹ ó dúró títí wọn yóò fi jáde lókè kí ìbọn tó tún dún, láàárín àkókò yẹn, ọwọ́ òfìfo ni ẹ dúró sí iwájú ọ̀tá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì láìdáwọ́dúró níyànjú pé kí ó kọ́kọ́ dín in kù.

Nísinsìnyí, a dé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: bí a ṣe ń gba ọkọ̀ méjì. Ọ̀gá ní ìtànṣán kan tí ó máa ń ṣí sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá bọ́ sínú rẹ̀, ọ̀gá yóò fà á lọ sókè, ọkọ̀ náà yóò di pupa, yóò sì di ẹrú lẹ́yìn ọ̀gá. Bí ẹ bá wá fi ọkọ̀ tó kù pa ọ̀gá náà ní ọ̀nà tó tọ́, ẹrú yóò sọ̀ kalẹ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọkọ̀ méjèèjì yóò sì máa yìnbọn pọ̀. Agbára yín ti di ìlọ́po méjì nìyẹn, àti pé bí wọ́n bá ba ọ̀kan jẹ́, ìkejì ṣì wà lórí ìjà.

Ẹ má dán an wò láé bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù yín lọ́wọ́, torí pé bí wọ́n bá fà á lọ, géèmù ti parí. Ẹ má sì sún un síwájú dé ìpele tó le. Ìpele kìíní ni a ń ṣe é, nígbà tí àwọn ọ̀tá ṣì ń rọra rìn; bí kò bá bọ́ sí i níbẹ̀, ìpele kejì ni òpin. Mo ti rí àwọn tó dúró de ìpele kẹfà kí wọ́n tó rántí ìtànṣán, tí wọ́n fi ọkọ̀ mẹ́ta ṣòfò lórí wíwá ọ̀kan.

Kí ẹ tó wọ inú ìtànṣán, ẹ pa gbogbo labalábá tán, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ sì ni yóò dí yín lọ́nà nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba ẹrú yín padà. Ẹ pa ọ̀gá mẹ́ta nínú mẹ́rin pẹ̀lú, kí ó lè jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo tó kù ni ẹ ní láti máa wò. Ẹ fi oyin díẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá tó kù yìí, ẹ yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ lè yí padà di búlúù. Ìbọn méjì ló ń pa á, nígbà tí ọ̀kan bá sì ti bà á, ẹyọ kan ló kù. Lẹ́yìn èyí, ẹ dá ìbọn dúró pátápátá. Ó lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìṣí ìtànṣán. Ẹ yẹra fún un, kí ẹ dúró dè é. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Nígbà tí ó bá gbé ọkọ̀ lọ tán, tí ọkọ̀ tuntun sì dé, àṣìṣe ńlá méjì ló wà níwájú yín. Èkíní ni kí ẹ yìnbọn lu ọ̀gá náà nígbà tí ó ṣì wà ní ìdúró lókè. Bí ó bá kú níbẹ̀, ẹrú kò ní padà sọ́dọ̀ yín. Ọ̀tá ni yóò yà, yóò sì já lù yín. Nítorí náà, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ọta tó bá ṣèèṣì jáde má bàa bà á. Ìgbà tí ó bá já kúrò ní ipò rẹ̀, tí ó ń bọ̀ wá bá yín, nìkan ni ìbọn tọ́ sí i.

Èkejì ni ó ń dunni jù. Ẹrú ń tẹ̀ lé ọ̀gá gẹ́gẹ́ lẹ́yìn, ẹni tó bá sì yìnbọn méjì léra yóò fi àkọ́kọ́ pa ọ̀gá, yóò fi ìkejì fọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹyọ kan, kí ẹ dáwọ́ dúró. Bí ó bá tàsé, ẹ yẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kí ó padà lọ sí òkè, yóò tún já. Mo máa ń ní kí ẹni tí mo ń kọ́ gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì pátápátá lẹ́yìn ìbọn kọ̀ọ̀kan, títí tí ọkọ̀ méjèèjì yóò fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Nígbà tí ẹ bá ti ní méjì, àwọn ọ̀gá kò ní ṣí ìtànṣán sí yín mọ́. Àmọ́ ara yín ti fẹ̀ sí i, ọta sì tètè ń bá ohun tó bá fẹ̀. Ẹ má ṣe sáré láti ìgun kan dé ìkejì. Ìṣísẹ̀ kéékèèké ni, kí ẹ sì máa padà sí àárín. Ní ìgun, ọ̀nà àbáyọ kan péré ló wà, àwọn oyin sì máa ń yípo nísàlẹ̀ bí wọ́n bá já, wọn a gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí ènìyàn.

Ìpele kẹta, ìkeje, ìkọkànlá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ni Challenging Stage, níbi tí ọ̀tá kankan kì í ti í yìnbọn. Ẹni tó bá pa gbogbo ogójì gba ẹ̀bùn pọ́ìntì 10,000. Owó ẹ̀mí ni owó yìí, nítorí pé ní ètò tó wọ́pọ̀, ọkọ̀ àfikún ń wọlé ní pọ́ìntì 20,000, lẹ́yìn náà ní 70,000, lẹ́yìn náà ní gbogbo 70,000. Ọkọ̀ méjì ni ó ń jẹ́ kí ogójì yẹn ṣeé pa.

Bí ìpele ṣe ń ga, àwọn ọ̀tá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí wọ́n tó tò rárá. Ibí yìí ni kíkọ́ ọ̀nà wọn ní ìpele kìíní ti ń sanwó. Ẹ yìnbọn lu àwọn tó ṣáájú ọ̀wọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí díẹ̀ kúrò ní ọgangan, torí pé ọta tí wọ́n jù sílẹ̀ ti ń bọ̀ níbi tí ẹ dúró sí. Láti ìpele kẹrin, ẹ ó tún rí ọ̀tá kan tí yóò máa pàwọ̀ dà, tí yóò sì pín sí mẹ́ta. Ẹ̀bùn wà fún ẹni tó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹ má lé wọn dé ìgun nítorí ẹ̀bùn. Ìwọ̀nba ọ̀tá tó bá kù ní ìparí ìpele kì í padà sinmi lókè mọ́. Wọ́n á kàn máa já, á máa tún já. Ẹ dúró ní àárín, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá yín.

Àwọn kan yóò sọ fún yín nípa ọ̀nà ẹ̀bùrú: kí ènìyàn fi oyin méjì sílẹ̀ ní ìkángun òsì ní ìpele kìíní, kí ó máa yẹra fún wọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí tí wọn kò fi ní yìnbọn mọ́. Òótọ́ ni, àbùkù inú ètò ẹ̀rọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni, láti ìgbà náà lọ, kò sí ọ̀tá tí yóò tún yìnbọn nínú eré náà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ lò ó, torí pé ìyẹra fún ọta gan-an ni ohun tí ó fẹ́ kọ́.

Nígbà tí eré bá parí, ẹ má tètè tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ yóò kọ iye ìbọn tí ẹ yìn, iye tó bá ọ̀tá, àti ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá wà lábẹ́ 70, ẹ má ronú nípa ìpele kẹwàá. Ẹ padà sí ìpele kìíní, kí ẹ máa dá ìbọn dúró títí ọ̀tá yóò fi dé ọgangan ọkọ̀ yín.