Táyà Wo Ló Yẹ Mọ́tò Eré Tẹ́ Ẹ Ń Gbé Jáde Lójoojúmọ́?

Bí oníbàárà bá gbé mọ́tò eré (sports car) wá bá mi ní Ṣàgámù, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Ọ̀nà ibo lẹ ń gbà?" Ẹni tó ń lọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ò nílò táyà tí wọ́n ṣe nítorí òtútù. Rọ́bà táyà summer, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún ìgbà ooru, máa ń gan tí òtútù bá wọ ìwọ̀n 7 Celsius, àmọ́ ọyẹ́ tiwa kì í tutù débẹ̀. Nínú ooru àti òjò wa, táyà summer yìí ló ń di ọ̀dà mú jù tẹ́ ẹ bá tẹ búrèkì lójijì. All-season, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún ooru àti òtútù pọ̀, máa ń pẹ́ kó tó jẹ; ẹni tí kì í sáré lè rà á.

Ọjọ́ orí táyà ló ń kó ìdààmú bá mi jù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tẹ́ ẹ ò bá rí i níta, ẹ wò ó nínú. Ọmọkùnrin kan gbé táyà tókunbọ̀ wá, ó dúdú, ó ń dán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ àárín ojú rẹ̀, ó sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò bá a dè é.

Táyà tí jíjìn ilà ojú rẹ̀ bá ti jẹ tó ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹ má dúró kó ku mìlímítà 1.6, tó jẹ́ òpin pátápátá.