Bí Ọmọ Bá Já Lórí Igi, Ẹ Má Wọ́ Ikùn Rẹ̀

Kájú àti máńgòrò ti ń pọ́n, àwọn ọmọ sì ti ń gun igi káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé yìí ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní igi gígun. Ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn tí ọmọ bá já ló ká wa lára.

Ọmọkùnrin kan já lórí máńgòrò nírọ̀lẹ́. Kò bó níbì kankan. Ó ní èjìká òsì ń ro òun. Ìyá rẹ̀ fi òrí wọ́ èjìká náà, ó wọ́ ikùn mọ́ ọn, ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ọmọ sì sùn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa nílé ìwòsàn. Ikùn ti le bíi pákó, àtẹ́lẹwọ́ tutù, inú ìpéǹpéjú ti funfun. Kò yè é. Kò sí nǹkan tó ṣe èjìká yẹn. Ọlọ inú rẹ̀ (spleen) lábẹ́ ìhà òsì ló ya. Ẹ̀jẹ̀ tó dà síbẹ̀ ló ń ro ó dé èjìká.

Ẹ máa ń ní ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀. Ta ló ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde síta? Nínú bíi lítà 5 tó wà lára àgbàlagbà, ó lè ju lítà 1 lọ tó máa dà síkùn kó tó wú lójú yín.

Ẹni tó já, tí ọ̀kadà gbá, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gún níkùn tàbí tí màlúù ta nípàá: ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ mu àgbo. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Bí ikùn bá ń dùn ún, tó ń bì, tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, tí òógùn tútù bò ó, tàbí tí iṣan ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà ń lù ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹyọ kan nínú wọn ti tó. Aláboyún, ọmọdé àti arúgbó ò gbọdọ̀ dúró de ìkankan.

Ẹ tẹ́ ẹ sínú mọ́tò, ẹ má há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ kọrí sí, ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kẹ́mííìsì. Kí ẹni 2 tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bá yín lọ. Ìfun tó bá lu ń da ìgbẹ́ síkùn ni. Ẹni tó dé ní wákàtí 2 àti ẹni tó dé ní wákàtí 24 kì í ṣe ẹgbẹ́.

Bí dókítà bá ní kó máa lọ sílé, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán, torí ọlọ inú lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Kó má gun igi, kó má ru ẹrù títí dókítà yóò fi gbà á láyè. Bí òòyì bá kọ́ ọ tàbí tí ikùn tún dùn ún, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.