Bí Mo Ṣe Yan Ìgbà Tí Mo Fi Lọ sí Ọgbà Ẹranko Serengeti

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè bí wọ́n bá ń gbèrò àtilọ sí ọgbà ẹranko Serengeti ní orílẹ̀-èdè Tànsáníà ni pé, oṣù wo ló dára jù? Òun ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kàwé nípa ibẹ̀, tí mo sì ń wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ó ń kó èrò lọ síbẹ̀, ó yé mi pé ìbéèrè méjì ni mo ní láti dáhùn: kí ni mo fẹ́ fojú rí, apá ibo nínú ọgbà náà ni ohun ọ̀hún sì máa ń wà ní oṣù tí mo bá lọ? Ẹni tí ó bá dáhùn ọ̀kan láìdáhùn èkejì lè dé Serengeti ní àkókò tí gbogbo ayé ń yìn, kí ó sì sùn sí ibi tí ó jìnnà réré sí ohun tí ó torí rẹ̀ náwó.

Ọgbà náà tóbi gan-an. Ọdún 1951 ni wọ́n dá a sílẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 14,763 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ láti gúúsù rẹ̀ dé etí odò Mara ní àríwá, nítòsí ààlà Kẹ́ńyà, yóò lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ọ̀nà eruku. Àwọn wildebeest, ẹranko onírùngbọ̀n, oníwo kíká tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ni ó máa ń yí gbogbo ilẹ̀ yìí po lọ́dọọdún, wọn kì í sì í dúró sójú kan. Òjò ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí pé ibi tí òjò bá ti rọ̀ ni koríko tútù máa ń wà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ wádìí bí òjò ibẹ̀ ṣe ń rọ̀ kí n tó wo iye owó ọkọ̀ tàbí ti ilé ìsùn.

Ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ kò bá èyí tí ó mọ́ wa lára mu, nítorí pé ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé ni Serengeti wà. Láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Òjò kékeré máa ń rọ̀ ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá, òjò ńlá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta títí di oṣù Karùn-ún. Oṣù Kìíní àti oṣù Kejì bọ́ sí àárín òjò méjèèjì. Òjò lè rọ̀ lọ́sàn-án, kí oòrùn sì tún ràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ya àtẹ kan sínú ìwé, mo kọ oṣù méjèèjìlá sókè, mo sì kọ gúúsù, àárín gbùngbùn, ìwọ̀ oòrùn àti àríwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, gúúsù ni agbo ńlá náà máa ń wà, ní pápá koríko kúkúrú tí ó yí Ndutu ká. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, wọn a máa gba agbègbè Seronera tí ó wà láàárín kọjá. Ní oṣù Kẹfà, ọ̀pọ̀ wọn a ti dé ìhà odò Grumeti ní ìwọ̀ oòrùn. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, àríwá ni wọ́n wà, tí wọ́n ń la odò Mara kọjá lálọ lábọ̀. Bí òjò kékeré bá tún ti ṣú, wọn a forí lé gúúsù padà. Òjò lè yá tàbí kí ó pẹ́ nínú ọdún kan sí òmíràn, nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé àárín gbùngbùn àkókò kọ̀ọ̀kan ni n óò mú, n kò ní mú ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí rẹ̀.

Níkẹyìn, ó ku nǹkan méjì: kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń la odò Mara kọjá, tàbí kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń bímọ ní gúúsù. Òkìkí ti odò ti kàn ká ayé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nì ń dúró dè wọ́n nínú omi, ìyá àti ọmọ sì ń bẹ́ sínú ìgbì náà papọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ wákàtí tí wọn yóò là á kọjá. Agbo lè dúró létí odò láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí wọ́n sì yípadà láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Àkókò ìsinmi àwọn ará Yúróòpù sì ni oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, èyí tí ó mú kí àgọ́ wọ́n, tí ọkọ̀ sì ń tò gbọọrọ sí etí odò.

Ti ọmọ bíbí dájú jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ní agbedeméjì oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn abo wọ̀nyí máa ń bí gbogbo ọmọ ọdún náà. Ìdí tí wọ́n fi ń lọ bí i sí gúúsù ni ó tì mí síbẹ̀ pátápátá. Eérú tí àwọn òkè oníná tú jáde láyé àtijọ́ ni ó di ilẹ̀ pápá náà, koríko tí ó hù lórí rẹ̀ sì kún fún èròjà tí ó ń ṣe wàrà ìyá lóore. Abẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún le débi pé gbòǹgbò igi kò lè wọ̀ ọ́, nítorí náà pápá náà mọ́ gedegbe, ìyá sì lè rí kìnnìún láti òkèèrè. Ohun kan náà ni ó jẹ́ kí àlejò lè ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a tán níbẹ̀, wọn a sì ní láti ṣí kúrò.

Ẹni tí ó jẹ́ pé kìnnìún àti ẹkùn nìkan ló ń wá kò nílò gbogbo ìṣirò yìí, nítorí pé wọ́n wà ní agbègbè Seronera yíká ọdún. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó kàn máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè hàn, torí pé koríko ti gbẹ, ẹran sì ń wá sídìí omi. Òjò ńlá ní tirẹ̀ máa ń mú kí owó wálẹ̀, kí èrò sì dín kù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ a máa gbé táyà mì, àwọn àgọ́ kan a sì tì. N kò ní dábàá rẹ̀ fún ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo ti yan agbedeméjì oṣù Kejì, mo kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣètò ìrìn àjò, mo sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: apá ibo ni ẹ ó kó mi sí? Ilé iṣẹ́ kan dá iye owó tí ó wuni lé e, àfi bí mo ṣe rí i pé àríwá ni àgọ́ wọn wà, níbi tí kò sí agbo kankan ní oṣù náà. Ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn láti fi mọ òtítọ́: àwọn àgọ́ alágbèéká wà tí wọ́n ń tú, tí wọ́n sì ń kó tẹ̀ lé ẹranko, nítorí náà ibi tí wọ́n bá sọ pé àwọn pa àgọ́ sí ní oṣù kan ni agbo máa ń wà. Mo tún béèrè nípa owó ìwọlé, nítorí pé apá púpọ̀ nínú Ndutu wà lábẹ́ àkóso Ngorongoro, agbègbè ìdáàbòbò ẹranko tí ó bá Serengeti pààlà, tí owó tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Serengeti, wákàtí 24 ni wọ́n sì fi ń ka ìwé àṣẹ ìwọlé. Ẹni tí kò bá béèrè lè rò pé owó kan ló kárí méjèèjì.

Ìmúra yòókù kò le. Mo gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, mo sì mú káàdì rẹ̀ dání, mo yẹra fún aṣọ dúdú àti aṣọ búlúù nítorí pé wọ́n ń fa eṣinṣin tsetse tí ó máa ń gé ènìyàn jẹ, mo sì fi ọ̀rá sílé, nítorí pé Tànsáníà ti fòfin de àpò ọ̀rá láti ọdún 2019.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Ndutu, awakọ̀ wa pa iná ọkọ̀, ó sì nawọ́ sí abo kan tí ó dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ méjì ọmọ rẹ̀ ti yọ lára rẹ̀. Ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún dùbúlẹ̀, ọmọ náà sì jáde pẹ̀lú ara tútù. Ìyá rẹ̀ ń lá a, ọmọ ń gbìyànjú àtidìde, ó ṣubú lórí orúnkún iwájú, ó tún dìde, ó tún ṣubú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì pẹ́ tí ó fi ń sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọ àárín agbo. Ìkookò méjì ń rìn bọ̀ láti apá òsì, ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn tí ó yapa ni wọ́n dojú kọ. Irú èyí ni a rí léraléra ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀, láìjẹ́ pé a dúró de wákàtí kan pàtó.

Odò Mara ṣì wà lọ́kàn mi. Oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ fi lọ, nígbà tí èrò oṣù Kẹjọ bá ti dín kù, tí agbo sì ṣì wà ní àríwá. Àgọ́ tí ó wà ní agbègbè Kogatende, létí odò Mara ní àríwá, nìkan ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ báyìí, mo sì ń fi àyè ọjọ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún ìdúró létí omi.